Ǹjẹ́ a lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú kí a fi ẹsẹ̀ rìn wọ Ẹnuwá?

Ọmọ Ìlódè (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ọmọ Ifẹ̀ àti ẹ̀yin àlejò wa. Láti ọjọ́ Ọlọ́jọ́ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ikùn mi, mo sì rò pé ibí ni mo ti lè rí ẹni bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ náà, nítorí pé mo mọ̀ pé ọ̀nà yóò dí, mo gbé ọkọ̀ mi sí àgbàlá ọ̀rẹ́ mi kan ní Lágere, èmi àti àwọn ọmọ mi sì rìn gba Ìrẹmọ títí a fi dé Ẹnuwá. Ìrìn náà kò tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí a dé iwájú ààfin, kò sí ọkọ̀ kankan nílẹ̀ àfi ti àwọn ọlọ́pàá, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo dúró ní àárín Ẹnuwá tí mo wo ògiri ààfin láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tẹ fèrè ọkọ̀ mọ́ mi létí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wa ọkọ̀ gba ọ̀nà kan náà, ogójì ìṣẹ́jú ló gbà mí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà kò nílò àlàyé: ọkọ̀ àwọn tó wá nájà ti gun orí bèbè gọ́tà ní ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ márúwá tò lọ bẹẹrẹ ní òsì, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ du ojú títì gan-an nítorí pé ibòmíràn kò sí fún wọn.

Àbá mi ni pé kí a wá ilẹ̀ ìgbọ́kọ̀sí sí ẹ̀yìn ìlú, ọ̀kan ní ìhà ọ̀nà Ìbàdàn kí ènìyàn tó dé Mayfair, ọ̀kan ní ọ̀nà Iléṣà, ọ̀kan ní ọ̀nà Òǹdó. Kí ọkọ̀ kéékèèké máa kó ènìyàn láti ibẹ̀ wọ ìlú. Kí a sì fi Ẹnuwá, iwájú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, àti ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ẹ má wojú mi sọ̀rọ̀ o. Ibi tí àbá náà bá ti kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ọ́.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ifẹ̀

Ọmọ mi, ẹ kú ìrònú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí. Ẹni tó ti Òǹdó wá ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi kì í ra ọ̀pá méjì. Ogún ìdì àńkárá ni, pẹ̀lú léèsì àti gèlè tí yóò bá a lọ. Tí ẹ bá ní kí ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, ta ni yóò ru ẹrù náà dé ibẹ̀? Aláàárù wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláàárù tí ẹ bá ní kó ru ẹrù kọjá Lágere yóò bu owó tí oníbàárà yóò fi sọ pé lẹ́yìn èyí, Ìbàdàn ni òun ó ti máa rajà. Ẹ sì tún rántí òjò. Aṣọ kì í ṣe iṣu.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ nítorí pé mo jẹ́ ọlọ́jà. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀: ti àwa tí a ni ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ tèmi gan-an máa ń wà lójú kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, oníbàárà tó fẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti gbé ẹrù rẹ̀ kò sì ní rí àyè. Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí ọlọ́jà lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, tí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù kó sì máa lọ, mo lè gbọ́ ìyẹn. Èyí tí n kò lè gbọ́ ni pé kí a ti ọjà mọ́ ọkọ̀ lójú pátápátá.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Oxford

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ìlú tí mo ti ń gbé fún ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá wáyé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọdún 1973 ni Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìdí ibùdó ìgbọ́kọ̀sí ti ẹ̀yìn ìlú múlẹ̀, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Redbridge ní ìhà gúúsù; lónìí, márùn-ún ló yí ìlú ká. Ènìyàn yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, yóò wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì yóò sì já a sí àárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn kan nínú wọn ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.

Ohun tí àwọn tó ń yin ètò náà kì í sábà sọ ni pé ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn nìkan kọ́ ló lé ọkọ̀ kúrò nínú ìlú. Láàárín àwọn ọdún náà ni ìjọba ìlú pa èrò àtila ọ̀nà ńlá gba àárín ìlú tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àyè ìgbọ́kọ̀sí inú ìlú lọ́wọ́ kò, tí wọ́n gbé owó rẹ̀ ga. Síbẹ̀ náà, ó di ọdún 1999, ìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó dínà mọ́ ọkọ̀ aládàáni ní òpópónà High Street lójú ọ̀sán, tí wọ́n sì fi Cornmarket sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Tí a bá kọ́ ibùdó mẹ́ta yí Ifẹ̀ ká lọ́la, tí ènìyàn ṣì lè gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ààfin lọ́fẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ ni yóò máa jẹko níbẹ̀.

Awakọ̀ Kọ́rọ́pẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà lójú títì sọ tèmi. Bọ́ọ̀sì tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn máa ń gbéra bí àkókò bá ti tó, ì báà jẹ́ ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀ tàbí ogójì. Àwa kì í gbéra àfi tí ọkọ̀ bá kún. Kì í ṣe ìwà ìkà. Owó epo wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí mo já ní gáréèjì láàárọ̀ wà níbẹ̀, owó tí n óò jẹ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀ lálẹ́ náà sì wà níbẹ̀, orí èrò ni n óò sì ti rí gbogbo rẹ̀ san.

Ẹ wá ro ó wò. Ọ̀gá kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ ní ọ̀nà Ìbàdàn, ó wọ ọkọ̀ tèmi, òun ni ẹni kejì, mo sì ní kó jókòó de àwọn márùn-ún yòókù nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kí ẹni kẹta tó dé, ọ̀gá yóò ti sọ̀ kalẹ̀, yóò ti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì ti wà á wọ ìlú. N kò ní bá a wí, èmi náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kí owó tí ènìyàn san níbi ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú, kí àwọn tó ń bójú tó ibùdó náà sì máa san owó fún awakọ̀ ní iye ìgbà tó bá lọ tó bá bọ̀, kì í ṣe ní iye orí. Tí mo bá mọ iye tí àlọ kan jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni n óò máa gbéra, ì báà ṣe ìyá àgbà kan ṣoṣo àti báàgì rẹ̀ ni mo gbé.

Ọmọ Ọwá, Iléṣà

Mo rí i pé ẹ kò pe Iléṣà sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà kì í dúró de ìpè tí ọ̀ràn bá ti kan owó. Tiwa ní Eréjà kò yàtọ̀ sí tiyín: ààfin Ọwá, ọjà Àtàkúmọ́sà àti ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ojú kan náà ni gbogbo wọn pàdé sí. Ìbéèrè mi kò gùn. Ta ni yóò máa gba owó tí àbúrò mi awakọ̀ ń sọ yìí, tí yóò sì pín in fún awakọ̀ láìyọ ọ́ jẹ? Ṣé àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lónìí náà ni?

Awakọ̀ Kọ́rọ́pẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ojú egbò gan-an ni ẹ tẹ̀ yẹn. N kò ní ìdáhùn sí i lónìí.

Ayàwòrán Ìlú

Ètò ìlú ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ forí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí a kò fi gbẹ́ abẹ́ Ẹnuwá kí a kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà sísàlẹ̀ ilẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn ìlú ńlá. Ní Ifẹ̀ kẹ̀? Ní ọdún 1938, ìpìlẹ̀ ilé lásán ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin, tí àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní fi jáde. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́jú ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó ni, ère idẹ tún yọ, Frank Willett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń walẹ̀ wádìí ìtàn, sì wá walẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ nínú ìlú yìí kì í ṣe èyí tí a ń ki katapílà bọ̀, ìdí tó sì lágbára jù nìyẹn, lójú tèmi, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí ààfin. Ní ẹ̀yìn ìlú pàápàá, kí a wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ tí a óò kàn da òkúta wẹ́wẹ́ sí lórí, kí àwọn tó ń walẹ̀ wádìí ìtàn sì ti rìn ín já kí òkúta tó dé. Ọgbà yí i ká, iná, ẹ̀ṣọ́ méjì tí wọ́n ń sanwó fún déédéé. Ẹni tí kò bá fọkàn balẹ̀ lórí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní fi í sílẹ̀.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni èyí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Oxford àti ní York, ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé lára àwọn tó ń lo ibùdó ẹ̀yìn ìlú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ láti ilé dé ìlú tẹ́lẹ̀. Ibùdó náà ló wá sọ wọ́n di ẹni tó ń wa ọkọ̀ dé ààbọ̀ ọ̀nà. Tí a bá lọ kọ́ tiwa láìronú, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ èrò láti Ìpetumodù tàbí Ẹdúnàbọ̀n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu Mayfair, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì kàn ṣí kúrò ní Ìrẹmọ lọ síbẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn Ifẹ̀ ni kò ní ọkọ̀ rárá. Wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn, ojú ọ̀nà tí wọn yóò gbà ni wọn kò rí. Tí owó bá kéré, tí a sì gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú bíbo gọ́tà láti Lágere dé Ẹnuwá àti kíkọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, gọ́tà ni èmi yóò yàn.

Ọmọbìnrin Mọ̀ọ̀rè

Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ gọ́tà. Màmá mi kò lè rìn mọ́, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni mo fi ń tì wọ́n. Ní oṣù tó kọjá, ìdérí gọ́tà méjì ti kúrò lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbà, mo sì gbìyànjú láti yà fún ihò náà kí n gba àárín ọkọ̀ méjì tó gun bèbè. Àyè náà kò fẹ̀ tó. Táyà kékeré iwájú kó sínú gọ́tà, kẹ̀kẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màmá mi sì di irin ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni mú kí wọ́n má baà ṣubú. Alátà kan tó wà ní òdìkejì ló fi òṣùwọ̀n ata rẹ̀ sílẹ̀ tó sáré wá bá mi gbé e. Ata dà sílẹ̀, kò gba owó lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn ọkọ̀ tí yóò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ Ẹnuwá, èyí tó gbé aláìsàn, arúgbó àti aláàbọ̀ ara ni kó ṣáájú, kí ó ṣáájú ti àwọn olóyè àti ti ìjọba pàápàá.

Arìnrìn-àjò

Ìlú méjì ni mo ti rí i lójú ara mi. Ní ilẹ̀ Faransé, àpáta ńlá kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Mont-Saint-Michel, ilé ìjọsìn àtijọ́ wà ní góńgó rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 2012 ni wọ́n kó ibi ìgbọ́kọ̀sí padà sẹ́yìn ní nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀, tí bọ́ọ̀sì sì ń kó ènìyàn láti ibẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn ti ń wọ bọ́ọ̀sì jìnnà sí ibi tó gbé ọkọ̀ sí, àlejò yóò kọ́kọ́ rìn títí kó tó rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Ariwo ta gan-an, wọ́n sì padà gbé ibi ìwọkọ̀ náà sún mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀ kì í fẹ́ rin ìrìn asán; tó bá rí ohun tó wù ú wò, yóò rìn.

Ìdí nìyí tí ìlú Perugia ní ilẹ̀ Ítálì fi wọ̀ mí lọ́kàn ju ti Faransé lọ. Orí òkè ni ìlú náà wà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, láti ọdún 1983 sì ni àtẹ̀gùn tí iná ń gbé ti ń gbé ènìyàn gòkè láàárín ìpìlẹ̀ odi ńlá kan tí póòpù kan kọ́ bo àwọn ilé ará ìlú mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ògiri ilé àwọn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ náà ni ènìyàn ń wò lọ́tùn-ún lósì bó ti ń lọ, ẹnu ọ̀nà wọn, ojú fèrèsé wọn, àti ọ̀nà tóóró tó wà láàárín wọn. Kí n tó mọ̀, mo ti dé òkè. N kò rántí pé mo fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dé Ítálì kí ẹ tó rí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ifẹ̀ ti fi àpáàdì tẹ́ ọ̀nà àti àgbàlá láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìtàn ẹnu wa sì fi iṣẹ́ náà sọrí Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Wọn kì í tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja. Ṣe ni wọ́n máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á gbé e nàró, etí rẹ̀ sókè, tí wọ́n á tò ó mọ́ra wọn bí egungun ẹja, níbòmíràn wọ́n á sì fi òkúta funfun kéékèèké pààlà láàárín rẹ̀. Bí ó ti nàró yẹn ni kì í jẹ́ kó fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi òjò sì ń gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀.

Nígbà èwe mi, tí òjò ńlá bá ti wọ́ erùpẹ̀ ọ̀nà lọ, a máa ń rí etí àpáàdì tó yọ lẹ́bàá agbo ilé wa, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, a sì máa ń fi ìka wa tọ ìlà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ó fara da ẹsẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò sì fara da típà tó ń kó yanrìn gba orí rẹ̀ fún ọdún méjì. Tí ẹ bá fẹ́ ohun tí àlejò yóò máa wò láti Lágere dé Ẹnuwá, ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ amọ̀kòkò wa tẹ́ irú rẹ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì fi ọgbà yí ojúlówó tó kù ká.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Oxford

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ fi ohun kan tí kò náni lówó kún un. Pontevedra ní Sípéènì, tó ti ń lé ọkọ̀ kúrò láàárín ìlú láti ọdún 1999, ya àwòrán ìlú kan tí wọ́n pè ní Metrominuto, níbi tí wọ́n ti kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ yóò rìn láti ibì kan dé èkejì. Àwa tí a ń gun ọkàdà láti ààfin dé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ọ̀pọ̀ wa kò mọ bó ti súnmọ́ tó.

Ọmọ Ìlódè

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ti fa àbá mi sẹ́yìn díẹ̀. Kí a má sọ̀rọ̀ ibùdó mẹ́ta mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo, ní ìhà ọ̀nà Ìbàdàn, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, fún oṣù mẹ́ta. Kí ọkọ̀ ẹrù wọlé fàlàlà títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ọkọ̀ aláàbọ̀ ara wọlé nígbàkúùgbà. Kí awakọ̀ gba owó àlọ àti àbọ̀. Ti ẹni tí yóò gba owó, tí ẹ̀gbọ́n Iléṣà béèrè, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni mo rò pé kí ó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́tà ni àkọ́kọ́, bí Ayàwòrán ti wí, nítorí n kò lè ní kí màmá ẹnikẹ́ni rin ọ̀nà tó wà báyìí.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ifẹ̀

Àwọn aláṣọ ní ìpàdé lọ́jọ́ Ajé, n óò gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Wọn yóò bá mi jà, ìyẹn dájú. Ní ti ọkọ̀ tèmi, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé ni yóò máa wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n lè lẹ́nu láti bá ẹlòmíràn wí.

Awakọ̀ Kọ́rọ́pẹ̀

Lánàá, nígbà tí mo ń dúró kí ọkọ̀ kún, mo rìn láti Lágere wọ Ìrẹmọ, mo ka ìdérí gọ́tà tó ti sọnù tàbí tó ti ṣẹ́. Mẹ́tàdínlógún ni ní apá ọ̀tún nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn kó wá bá mi ní ìdí ọkọ̀ láàárọ̀, mo lè fi wọ́n hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.